Àtúntò Ẹ́ńjìnnì Ìdí Ọkọ̀: Iṣẹ́ àti Ìnáwó Rẹ̀ ní Ojú Omi Ìlàjẹ

1.0 ÌFÁÀRÀ

Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, omi ni ọ̀nà. Igbókòdá ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ilẹ̀, tí wọ́n sì ń wọ ọkọ̀ omi lọ sí Ayétòrò àti sí àwọn ìletò tí ó wà létí òkun. Ọkọ̀ omi yìí ni ó ń kó ẹja lọ sí ọjà, òun ni ó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ni ó sì ń kó ọjà bọ̀ wálé fún àwọn tí ó wà lókè odò. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀ náà ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí, pàápàá ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọ̀hún bá ti nọ́ọ̀kì, tí ẹni tí ó ni ín sì gbọ́dọ̀ pinnu bóyá kí ó tún un tò tàbí kí ó tà á fún àwọn tí ń ra àlòkù irin.

Ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọlọ́kọ̀ ni pé, 'Èló ni yóò ná mi?' Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n ó yá jù. Èyí tí ó yẹ kí ó ṣíwájú rẹ̀ ni pé, 'Kí ni ó pa á?' Kókó tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni owó ohun tí ó bàjẹ́, ọ̀tọ̀ ni owó ohun tí ó bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá san èkíní tí kò san èkejì yóò padà wá san méjèèjì, nígbà mìíràn láàrin oṣù kan péré.

Irú ẹ́ńjìnnì tí a óò máa tọ́ka sí ni ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà méjì tí agbára rẹ̀ tó ti ogójì ẹṣin, tí ó ń lo epo pẹtiróòlù tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́. Ó wọ́pọ̀ púpọ̀ lára ọkọ̀ ìpẹja àti ọkọ̀ èrò. Ní ti orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì, bí wọ́n ti ń dún lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ni wọ́n ṣe wà níhìn-ín: písítìnì, ríìngì, kíránkì, béárìnì, gásíkẹ́ẹ̀tì, pọ́ọ̀gì. Èdè Yorùbá ti gba àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wọlé láti ẹnu mẹkáníìkì, kò sì sí àǹfààní nínú pípààrọ̀ wọn sí ohun tí oníṣẹ́ kò ní mọ̀.

2.0 BÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ìtàn irú ẹ̀rọ yìí kò gùn púpọ̀. Ní 1909 ni Ole Evinrude, ọmọ Norway tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin kan àti ààbọ̀. Tirẹ̀ wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó rí ọjà káàkiri. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ọ̀hún ti tóbi sí i, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ kò yí padà púpọ̀.

A lè pín ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ sí mẹ́ta: orí, ọrùn àti ẹsẹ̀. Orí ni ibi tí sìlíńdà, písítìnì àti kíránkì wà. Ọrùn ni ọ̀pá gígùn tí ó ń gbé agbára lọ sísàlẹ̀ gbà kọjá, ibẹ̀ náà sì ni èéfín ń gbà jáde. Ẹsẹ̀ ni ó wà nínú omi. Inú rẹ̀ ni jíà wà, ìdí rẹ̀ ni pùròpẹ́là tí ń ti ọkọ̀ síwájú wà.

Ìgbésẹ̀ méjì péré ni písítìnì ń gbé kí iná tó tún ṣẹ́: ìgòkè kan àti ìsọ̀kalẹ̀ kan. Nígbà tí písítìnì bá ń gòkè, ó ń fún epo àti afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè rẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń fa òmíràn wọ inú ilé kíránkì nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí pọ́ọ̀gì bá ti ṣáná, iná náà yóò ti písítìnì sọ̀kalẹ̀. Bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ ni yóò ṣí ihò tí èéfín ń bá jáde, tí yóò sì ti epo tuntun láti ilé kíránkì gòkè lọ sínú sìlíńdà. Ihò wọ̀nyí wà lára ògiri sìlíńdà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn yóò sì tún jẹ yọ níwájú.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a fà yọ nínú àlàyé yìí. Èkíní ni pé nítorí pé inú ilé kíránkì ni epo ń gbà kọjá, kò sí àyè fún ọ́ìlì láti dúró síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dúró nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Ọ́ìlì tí kò bá bá epo wọlé kò ní ibòmíràn tí yóò gbà wọlé. Èkejì ni pé omi odò tàbí ti òkun ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára. Rọ́bà oníyẹ̀ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ìmpẹ́là wà lókè ẹsẹ̀; òun ni ó ń fa omi gòkè láti tutù sìlíńdà. Omi tín-ín-rín tí ó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ni àmì pé ìmpẹ́là ń ṣiṣẹ́. Awakọ̀ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbójú kúrò lára omi yìí.

3.0 OHUN TÍ Ó Ń PA Ẹ́ŃJÌNNÌ

3.1 Àìtó omi

Etí òkun ní agbègbè Màhìn àti Ayétòrò yàtọ̀ sí ti Èkó, nítorí pé ẹrẹ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀ ju iyanrìn lọ. Ẹrẹ̀ yìí ń bá omi wọ inú ìmpẹ́là, ó sì ń jẹ rọ́bà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, iyọ̀ òkun àti ẹrẹ̀ máa ń dì pọ̀ mọ́ ara ọ̀nà omi nínú orí ẹ́ńjìnnì títí tí ọ̀nà náà yóò fi há. Ewéko tí ó ń léfòó lójú omi tún dá kún un. Láti 1984 tí wọ́n ti rí i ní ojú omi Badagry, tí ó ti ìhà Benin wá, ni ó ti tàn ká ọ̀pọ̀ odò àti ọ̀sà, ó sì máa ń dí ojú ihò tí omi ń bá wọ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì.

Bí omi kò bá tó, ooru yóò pọ̀. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe písítìnì, irin ni wọ́n fi ṣe ògiri sìlíńdà, alumíníọ̀mù a sì máa wú ju irin lọ nígbà tí ó bá gbóná. Nígbà tí písítìnì bá wú kọjá àyè tí ó wà fún un, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ha ògiri, yóò sì há sínú rẹ̀. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní nọ́ọ̀kì.

3.2 Àìtó ọ́ìlì

Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì iṣẹ́ ni kí epo jẹ́ ìlọ́po àádọ́ta ọ́ìlì. Ìyẹn ni pé kẹ́ẹ̀gì epo lítà 25 ń fẹ́ ìdajì lítà ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi ojú díwọ̀n, nígbà tí owó bá sì le, ọ́ìlì ni wọ́n kọ́kọ́ ń dín kù. Àwọn mìíràn ń fi ọ́ìlì mọ́tò dípò èyí tí wọ́n ṣe fún irú ẹ́ńjìnnì yìí, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì mọ́tò kò jóná tán, ó ń di èédú sí ara ríìngì. Àmì ikú àìtó ọ́ìlì ni pé kì í ṣe písítìnì nìkan ni yóò ha. Béárìnì kíránkì pàápàá yóò gbẹ, àwọ̀ wọn yóò sì di búlúù tàbí pupa rúsúrúsú nítorí ooru.

3.3 Epo tí kò tó afẹ́fẹ́

Ìdọ̀tí inú epo lè dí ihò wínníwínní tí ó wà nínú kábúrétọ̀. Nígbà náà epo tí ó ń wọlé yóò kéré sí afẹ́fẹ́, iná rẹ̀ yóò gbóná ju bí ó ti yẹ, ọ́ìlì tí ó bá epo wá yóò sì dín kù bákan náà. Àmì rẹ̀ ni pé orí písítìnì yóò yọ́ tàbí kí ó lu. Ní ẹ́ńjìnnì tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní kábúrétọ̀ tirẹ̀, ó lè jẹ́ písítìnì kan péré ni ó bàjẹ́, èyí tí ó ń tọ́ka sí ibi tí wàhálà ti wá.

3.4 Rírì sínú omi

Ẹ́ńjìnnì tí ó bá já bọ́ sínú òkun kò tíì kú nígbà tí wọ́n fà á jáde. Afẹ́fẹ́ tí ó bá a lẹ́yìn èyí ni ó ń pa á, nítorí afẹ́fẹ́ àti omi iyọ̀ pọ̀ ni ó ń dá ìpẹtà sílẹ̀ lára béárìnì. Bí oníṣẹ́ kò bá sí nítòsí láti fi omi tútù ṣàn án, kí ó fi ọ́ìlì sí i, kí ó sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sàn kí wọ́n rì í sínú dírọ́ọ̀mù omi tí kò ní iyọ̀ títí oníṣẹ́ yóò fi dé ju kí wọ́n gbé e sílẹ̀ nínú oòrùn lọ.

Àwọn àmì wọ̀nyí ni ẹ̀rí tí òkú ẹ́ńjìnnì ń jẹ́. Mẹkáníìkì tí ó bá ju písítìnì àtijọ́ nù láìwò ó ti ju ẹ̀rí nù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: písítìnì tí ó ha ni làpálàpá, ọ̀nà omi tí ó dí ni ẹ̀tẹ̀.

4.0 IṢẸ́ ÀTÚNTÒ

4.1 Àyẹ̀wò àti títú

Kí wọ́n tó tú bóòtù kan, ó yẹ kí wọ́n wo àwọ̀ pọ́ọ̀gì méjèèjì, kí wọ́n wọn bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, kí wọ́n sì tú ọ́ìlì jíà díẹ̀ jáde láti ẹsẹ̀. Bí ọ́ìlì náà bá funfun bí omi ògì, omi ti ń wọ inú jíà nìyẹn, owó síìlì ẹsẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí agbára sìlíńdà méjèèjì bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ yàtọ̀ síra, ọ̀kan nínú wọn ní àrùn.

Títú ni ó ń gba àkókò jù lára ẹ́ńjìnnì tí ó ti pẹ́ nínú omi iyọ̀. Bóòtù irin tí ó wà nínú alumíníọ̀mù máa ń di mọ́ ibẹ̀ gbọin-gbọin. Bí oníṣẹ́ bá fi agbára yí i, yóò kán, kíkán bóòtù kan sì lè fa iṣẹ́ wákàtí méjì: wọn yóò fi dírílì lu ú, wọn yóò fa kùkùté rẹ̀ yọ, wọn yóò sì gé ojú ìdè tuntun. Ọ̀nà tí ó dára ni láti fi ọ́ìlì arọ̀ sí i di ọjọ́ kejì, kí wọ́n sì fi iná yọ́ alumíníọ̀mù lára díẹ̀ kí ó lè fẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí wọ́n ti ń tú u ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi àmì sí i. Ìlàjì méjì ilé kíránkì jẹ́ ìbejì; papọ̀ ni wọ́n gbẹ́ wọn, a kò sì gbọdọ̀ mú ìlàjì ẹ́ńjìnnì kan so mọ́ ti òmíràn. Béárìnì olómọ abẹ́rẹ́ tí ó wà ní ìdí ọ̀pá písítìnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú agolo tirẹ̀, kí wọ́n sì ka iye rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ kan bá sọnù sínú ilé kíránkì, òun ni yóò pa ẹ́ńjìnnì tuntun náà.

4.2 Wíwọ̀n

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ láàrin ìtúntò àti ìpààrọ̀ lásán wà. Ojú kò lè rí ohun tí ó yẹ kí a mọ̀. Àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàrin písítìnì àti ògiri sìlíńdà kò ju sísanra irun orí ènìyàn kan lọ, ìyẹn ni ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan. Bí ó bá kéré sí i, yóò há. Bí ó bá pọ̀ jù, agbára yóò sá, písítìnì yóò sì máa lu ògiri.

Nítorí náà wọ́n ń fi irinṣẹ́ ìwọ̀n wọ inú sìlíńdà ní ibi mẹ́ta, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wọ̀n ọ́n láti iwájú sí ẹ̀yìn àti láti ọ̀tún sí òsì. Ìwọ̀n mẹ́fà ni èyí fún sìlíńdà kan, méjìlá fún méjèèjì. Bí wọ́n bá yàtọ̀ síra ju èyí tí ìwé atọ́nà ẹ́ńjìnnì náà gbà láàyè lọ, sìlíńdà ti fẹ̀ sí ọ̀nà kan tàbí ó ti wọ́, ríìngì tuntun kò sì lè dí i. Iṣẹ́ wákàtí kan ni wíwọ̀n yìí, ìdajì ìnáwó sì dúró lórí rẹ̀.

4.3 Ríbóò

Bí ìwọ̀n bá fi hàn pé sìlíńdà ti bàjẹ́, wọn yóò gbé e lọ fún oníṣẹ́ tánà láti fẹ̀ ẹ́ sí i, kí ó lè gba písítìnì tí ó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ẹ́ńjìnnì, ìpele àkọ́kọ́ ni kí ó fi 0.25 mìlímítà fẹ̀ sí i, èkejì ni 0.50. Lẹ́yìn èyí, ó di kí wọ́n yọ ògiri irin náà kí wọ́n sì fi sílíìfù tuntun sí i.

Òfin mẹ́ta ni oníṣẹ́ tánà tí ó mọṣẹ́ kì í rú. Kò ní gẹ́ sìlíńdà kí písítìnì tuntun tó wà lọ́wọ́, nítorí pé ara písítìnì ni yóò ti wọn àlàfo, kì í ṣe ara páálí rẹ̀. Kò ní fi irin ìgẹ́ parí iṣẹ́. Yóò ṣẹ́ ìdá díẹ̀ kù tí yóò fi òkúta ìlọ̀ parí, kí ògiri lè ní ìlà wínníwínní tí ó kọjá lórí ara wọn, nínú èyí tí ọ́ìlì yóò máa sá pamọ́ sí. Lákòótán, yóò pa etí gbogbo ihò tí ó wà lára ògiri sìlíńdà. Bí etí ihò bá mú bí abẹ, yóò gé ríìngì nígbà tí ó bá ń kọjá. Oníṣẹ́ tánà tí ó mọ ẹ́ńjìnnì mọ́tò nìkan lè gbàgbé ìkẹta yìí, nítorí pé sìlíńdà mọ́tò kò ní ihò bẹ́ẹ̀.

4.4 Títò

Kí wọ́n tó tò ó, wọn yóò fọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná, nítorí pé pẹtiróòlù nìkan kò lè kó iyẹ̀pẹ̀ òkúta ìlọ̀ kúrò lára ògiri. Wọn yóò sì ha iyọ̀ àti ẹrẹ̀ kúrò ní gbogbo ọ̀nà omi. Èyí kò ní owó lórí àfi owó ọwọ́ oníṣẹ́, nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n ń fò jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìwòsàn ẹ̀tẹ̀ tí a mẹ́nu bà.

Ríìngì kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò kọ́kọ́ fi sínú sìlíńdà láìsí písítìnì, kí wọ́n lè wọn àlàfo ẹnu rẹ̀. Ọfà tí ó wà lórí písítìnì gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ìwé atọ́nà sọ, ẹnu ríìngì sì gbọ́dọ̀ bá ìṣó kékeré tí ó wà nínú ihò rẹ̀ mu. Síìlì kíránkì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, nítorí pé síìlì tí ń jò yóò máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, yóò sì sọ epo di fẹ́ẹ́rẹ́. Wọn kì í lo gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bóòtù ọmọrí sìlíńdà ni wọn yóò fún láti àárín lọ sí etí, ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, kí ó má baà wọ́. Kábúrétọ̀, páǹpù epo, tẹ́mósítáàtì àti ìmpẹ́là ni ó kẹ́yìn, ìmpẹ́là sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun bí èyí tí ó wà níbẹ̀ tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó dára.

4.5 Ìdánwò

Inú dírọ́ọ̀mù omi ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ pàápàá, nítorí rọ́bà ìmpẹ́là yóò jó. Lẹ́yìn náà ni wákàtí mẹ́wàá ìbójútó yóò tẹ̀ lé e. Ní àkókò yìí, ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà ń béèrè pé kí ọ́ìlì jẹ́ ìlọ́po méjì: lítà kan sí epo lítà 25. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ fi gbogbo agbára sá a, kò sì gbọdọ̀ kó ẹrù wúwo. Àkókò yìí ni ríìngì àti ògiri ń mọ ara wọn. Ọlọ́kọ̀ tí ó ti pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì máa ń fẹ́ jáde ní kíákíá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ dáradára ti ń ṣòfò.

5.0 ÌNÁWÓ

A lè pín ìnáwó àtúntò sí ọ̀nà mẹ́rin.

(i) Owó ẹ̀yà ara. Fún ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà méjì, ó kéré tán wọn yóò ra písítìnì méjì, ríìngì mẹ́rin, pín-ìnì méjì pẹ̀lú ìdè wọn mẹ́rin, béárìnì orí ọ̀pá písítìnì méjì, odidi gásíkẹ́ẹ̀tì, síìlì kíránkì, ìmpẹ́là àti pọ́ọ̀gì méjì. Òkè òkun ni gbogbo wọn ti ń wá, nítorí náà iye náírà sí dọ́là ni ó ń pinnu owó wọn ju iye tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n ń tà wọ́n lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, kí ìjọba tó tú okùn owó náírà, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦470 ní ìwọ̀n ìjọba. Ní oṣù Kẹfà 2024, ó ti kọjá ₦1,450. Ẹrù ọgọ́rùn-ún dọ́là tí ó jẹ́ ₦47,000 tẹ́lẹ̀ wá kọjá ₦145,000 láàrin ọdún kan, bẹ́ẹ̀ iye rẹ̀ lókè òkun kò yí padà.

(ii) Owó oníṣẹ́ tánà àti owó ọwọ́ mẹkáníìkì. Owó mẹkáníìkì yẹ kí ó jẹ́ àdéhùn kí títú tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àlàyé ẹni tí yóò ru ẹrù bóòtù tí ó bá kán. Ibi tí èdèkòyédè ti ń wáyé jù nìyí. Ọlọ́kọ̀ ń rí písítìnì tuntun, nítorí náà ó ń gbà láti san owó rẹ̀. Kò rí wíwọ̀n méjìlá, kò rí ẹrẹ̀ tí wọ́n ha jáde, ó sì ń rò pé mẹkáníìkì ń rẹ́ ẹ jẹ. Mẹkáníìkì tí ó bá kó ẹ̀yà àtijọ́ jọ fún ọlọ́kọ̀, tí ó sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé, ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìfura.

(iii) Owó ìdánwò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń jẹ epo lítà 8 ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́wàá yóò jẹ 80, ọ́ìlì rẹ̀ yóò sì jẹ́ lítà 3.2. Kí ìjọba àpapọ̀ tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, lítà kan kò tó ₦200 ní Àbújá. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ó ti kọjá ₦1,000. Nípa bẹ́ẹ̀, epo ìdánwò tí kò tó ₦16,000 di ohun tí ó ju ₦80,000 lọ. Iye tí epo ń jẹ́ nígbà tí ó bá dé ìletò etí òkun tún ga ju ti ilé epo lọ, nítorí pé ọkọ̀ omi náà ni ó ń gbé e lọ.

(iv) Owó ọjọ́ tí ọkọ̀ fi jókòó. Títú àti títò lè gba ọjọ́ mẹ́ta bí bóòtù kò bá kán, ṣùgbọ́n dídúró de ẹ̀yà ara láti Èkó àti dídúró de oníṣẹ́ tánà lè sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ̀ tí ó wà lórí ilẹ̀ kò pa owó, ṣùgbọ́n ẹnu inú ilé kò dẹ́kun jíjẹ, ẹni tí ó yá owó ra àwọ̀n kò sì dẹ́kun gbígba ìpè olówó. Apá yìí kì í sí nínú ìwé owó tí mẹkáníìkì ń kọ, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ń lé ọlọ́kọ̀ sí ṣíṣe ohun tí kò yẹ.

Ohun tí kò yẹ náà sábà máa ń jẹ́ pé kí wọ́n pààrọ̀ písítìnì kan tí ó bàjẹ́, kí wọ́n sì fi èkejì sílẹ̀. A kò lè sọ pé èyí burú ní gbogbo ìgbà. Bí kábúrétọ̀ ẹyọ kan bá dí, tí ìwọ̀n sì fi hàn pé sìlíńdà kejì wà ní pípé, ìpààrọ̀ ẹyọ kan bójú mu. Ṣùgbọ́n bí àìtó omi tàbí àìtó ọ́ìlì bá ni ó fà á, iná kan náà ni ó jó méjèèjì. Èyí tí kò tíì há wulẹ̀ ń dúró de ọjọ́ rẹ̀ ni. Ìwọ̀n ni kí ó pinnu, kì í ṣe àpò.

6.0 ÀTÚNTÒ TÀBÍ RÍRA ÒMÍRÀN

Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí kò yẹ ní títún tò. Bí ọ̀pá písítìnì bá ti já tí ó sì lu ilé kíránkì, tàbí tí iyọ̀ ti jẹ alumíníọ̀mù yíká ọ̀nà omi débi pé gásíkẹ́ẹ̀tì kò rí ibi jókòó sí, owó tí wọ́n bá ná lé e lórí ti wọ omi.

Yíyàn méjì ni ó kù fún ọlọ́kọ̀ nígbà náà. Èkíní ni tòkunbọ̀. Owó rẹ̀ lè sún mọ́ owó àtúntò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tí ó rà á láìwọn agbára sìlíńdà rẹ̀ lè ti ra àtúntò mìíràn pamọ́ sínú rẹ̀. Èkejì ni ẹ́ńjìnnì tuntun alágbésẹ̀ mẹ́rin, tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀, tí kì í jẹ epo púpọ̀, tí kì í sì da ọ́ìlì sínú omi tí ẹja ń gbé. Irú èyí ni ó gbòde ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn òfin èéfín tí ìjọba wọn ṣe ní 1996, tí wọ́n sì mú ṣẹ díẹ̀díẹ̀ láti 1998 sí 2006. Ṣùgbọ́n ó wúwo jù, ó wọ́n, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tí mẹkáníìkì etí omi lè fi irinṣẹ́ díẹ̀ tún ṣe. Ó tún yẹ kí ọlọ́kọ̀ rántí pé ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì kò gùn ju ọjà ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ. Evinrude tí ó ti wà láti 1909 pàápàá, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2020.

7.0 ÌKÁDÌÍ

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé àtúntò ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ písítìnì tuntun nìkan. Iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka àmì ikú ẹ́ńjìnnì, ó gba orí wíwọ̀n kọjá, ó sì parí nígbà tí wákàtí mẹ́wàá ìdánwò bá pé. Àwọn ìpele tí ọlọ́kọ̀ kì í fẹ́ san owó fún, ìyẹn wíwọ̀n, fífọ ọ̀nà omi àti ìdánwò, ni ó ń dáàbò bo owó tí ó ti san fún àwọn yòókù.

Ayétòrò, tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, fi ìgbà kan lókìkí fún ọkọ̀ kíkàn àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, kí òkun tó gba apá púpọ̀ nínú ìlú náà. Ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe àjèjì sí etí omi yìí. Ohun tí ó kù ni kí ẹ̀kọ́ náà wà ní àkọsílẹ̀ ní èdè tí ọmọ iṣẹ́ lè kà, kí ó má baà jẹ́ pé àárín òkun ni yóò ti kọ́ ọ. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú níbẹ̀, àjẹ̀ àti ọ̀pá ni ó kù fún àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì jìnnà, kò sí owó àtúntò kan tí ó lè wọ́n tó bẹ́ẹ̀.